Àdán ló ń gbin ìrókò: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò àwa olùkọ́ sí Ilé-Ifẹ̀ àti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ọjọ́ Àìkú, láti Ìbàdàn sí Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀sán ni ọkọ̀ wa kúrò ní Ìwó Róòdù. Olùkọ́ ni gbogbo wa tó wà nínú bọ́ọ̀sì náà. Àwọn kan ń kọ́ni ní bàọ́lọ́jì, àwọn kan ní jọ́gíráfì, èmi ń kọ́ àwọn ọmọ JSS ní sáyẹ́ǹsì, mo sì tún ń bójú tó ẹgbẹ́ àyíká nílé-ẹ̀kọ́ wa. Màmá tó kó wa jọ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ká lo ìsinmi Àjíǹde nínú gbọ̀ngàn kankan, níbi tí ẹnì kan á ti dúró síwájú pátákó tí á máa ṣàlàyé bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé nípa àyíká. Ká lọ bá igbó níbi tó wà, ká lọ bá odò níbi tó ti ń ṣàn. "Olùkọ́ tí ò tẹ ẹrẹ̀ odò rí, kí ló fẹ́ sọ fọ́mọdé nípa odò?" Bí wọ́n ṣe bi wá nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó rí èsì fún wọn.

Nígbà tí a dé Aṣéjíre, Màmá ní kí dírẹ́bà rọra. Odò Ọ̀ṣun ló wà lábẹ́ afárá tí à ń kọjá, dáàmù tí wọ́n fi dí i níbẹ̀ ló sì ń fún Ìbàdàn lómi ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ń mu omi yìí láti kékeré láìbéèrè ibi tó ti ń bọ̀. Màmá ní ká fi odò náà sọ́kàn, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú. A ra dòdò ní Ìkirè, a kọjá Gbọ̀ngán àti Ìpetumodù, ilẹ̀ ò tíì ṣú tá a fi wọ Ifẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, inú ọgbà yunifásítì

Àdán la wá wò. Ìdájí kùtù la ti wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, torí pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n máa ń ti oko oúnjẹ wọn dé. Ọdún 1961 ni wọ́n dá yunifásítì yìí sílẹ̀, Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọdún 1967 ló sì kó wá sí Ifẹ̀. Àwọn tó ya àwòrán ọgbà náà ò fọ́ àwọn òkè olókùúta ibẹ̀ dànù, wọn ò sì gé gbogbo igi. Àárín òkè àti igi ni wọ́n kọ́ ilé sí. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn àdán ráyè gbé.

A kọ́kọ́ gbọ́ ariwo wọn ká tó rí wọn. Lẹ́yìn náà ni ojú ọ̀run kún. Àdán ńlá ni, irun ọrùn rẹ̀ pọ́n, bó bá na apá rẹ̀ méjèèjì, ó tó ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀. Wọ́n ń bà lé ẹ̀ka, wọ́n ń dorí kodò, wọ́n ń bára wọn jà sí ibi tó dáa, títí tí igi náà fi kún dẹ́dẹ́.

Olùkọ́ kan tó ń gbé Ifẹ̀ ti tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ igi kan kí a tó dé. Ó fún wa ní ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, ó sì kìlọ̀ dáadáa: bí ẹ bá kó ọmọ wá síbí, ọmọ kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àdán, ì báà jẹ́ òkú tàbí ààyè, torí pé kòkòrò àrùn lè wà lára wọn. Ìgbẹ́ wọn náà, igi tín-ín-rín ni kí ẹ máa fi tú u. Ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ tó bá fẹ́ gbìyànjú irú nǹkan yìí kọ ìkìlọ̀ náà sílẹ̀.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án, aṣọ náà ò funfun mọ́. A kúnlẹ̀ yí i ká. Háhá èso ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àdán á jẹ èso lẹ́nu, á fún omi rẹ̀ mu, á tu ìyókù dànù, èyí tó tu náà á sì rí pẹlẹbẹ, ojú eyín rẹ̀ á hàn lára rẹ̀ kedere. A rí hóró gúáfà. A rí hóró ọ̀pọ̀tọ́. Ìgbà náà ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń kọ́ni nípa ewéko, tó ti bá wa débẹ̀, fi igi tọ́ka sí àwọn hóró kan tí ò ju orí píìnì lọ. Ó ní ìrókò nìyẹn.

Mo gba ọ̀kan sórí ìka ìbọ̀wọ́ mi. Ìrókò tó bá dàgbà tán lè ga tó àádọ́ta mítà. Òun ni àwọn bàbá wa ń wárí fún, tí wọ́n ní Olúwéré ń gbé inú rẹ̀, tí wọ́n ń ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gbé àáké sí i. Hóró rẹ̀ ni mo gbé dání yìí, nínú ìgbẹ́ ẹranko tí àwọn ará àdúgbò ń sọ òkò lù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ṣàlàyé fún wa. Ìrókò ní akọ, ó ní abo, abo nìkan ló ń so. Bí èso náà bá pọ́n, àdán á wá jẹ ẹ́ lóru. Hóró náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń gba inú àdán kọjá láìbàjẹ́. Àdán á fò lọ jìnnà, ibi tó bá yàgbẹ́ sí ni ìrókò máa hù sí. Àwọn olùwádìí ti tọpa ọ̀rọ̀ yìí ní Gánà, wọ́n sì rí i pé irú àdán yìí gan-an ni aṣáájú nínú àwọn tó ń gbin ìrókò káàkiri.

Wàyí o, kí nìdí tó fi ṣe pàtàkì pé kí hóró náà lọ jìnnà? Ó mú wa lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ igi, ó fa ewé ọmọ ìrókò kan wá sójú wa. Ewé náà ti wú, kókó wà lára rẹ̀ ṣùjọ̀ṣùjọ̀, ara rẹ̀ tutù, ó sì nípọn lọ́wọ́. Ó fi èékánná la kókó kan. Kòkòrò tíńtín wà nínú rẹ̀, ó ń rìn lọ́ra. Phytolyma lorúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó máa ń yé ẹyin sára ewé ọ̀dọ́, ewé á bo ọmọ kòkòrò náà mọ́nú, tó bá yá kókó náà á bẹ́, orí igi á sì kú. Bí ọmọ ìrókò bá pọ̀ lójú kan náà, kòkòrò yìí á kó gbogbo wọn. Ìyẹn ni kò jẹ́ kó rọrùn láti dá oko ìrókò bí wọ́n ṣe ń dá oko gẹdú mìíràn. Igi tó hù lóun nìkan, tó jìnnà sí ìyá rẹ̀, ló ń ríbi yè. Àdán ló sì ń bá a wá irú ibẹ̀.

Olùkọ́ kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ béèrè ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn gbogbo wa. "Màmá, bí ọmọ kan bá ní bàbá òun sọ pé ẹyẹ àwọn àgbà ni àdán ńkọ́?" Màmá ní, "Má bá bàbá rẹ̀ jà. Àwọn Yorùbá ló sọ pé àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Wọ́n ti ń wò ó tipẹ́. Ìwọ ṣáà mú ọmọ náà wá síbi aṣọ funfun yìí, kí ó rí hóró, kí ó padà lọ sọ fún bàbá rẹ̀ ohun tó rí." Mo gba ìyẹn tọkàntọkàn. Ọmọ tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí hóró yẹn, a ò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ òkò lu àdán.

A ya Natural History Museum wọn. Ẹyẹ, ejò, kòkòrò, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tọ́jú síbẹ̀, ó dáa kí akẹ́kọ̀ọ́ rí wọn, àmọ́ ọkàn mi ti wà lábẹ́ igi.

Lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, Màmá ka nǹkan kan fún wa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1977, UNESCO àti UNEP, àjọ ẹ̀kọ́ àti àjọ àyíká ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé, pe àwọn ìjọba àgbáyé jọ sí Tbilisi, ní Georgia tó wà lábẹ́ Sófíẹ̀tì nígbà náà, láti sọ ohun tó yẹ kí ẹ̀kọ́ àyíká jẹ́. Wọ́n là á sí márùn-ún. Kí èèyàn máa fura sí ohun tó yí i ká. Kí ó ní ìmọ̀ nípa rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa jẹ ẹ́ lọ́kàn. Kí ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́ tó lè fi tún un ṣe. Kí òun fúnra rẹ̀ sì kópa. Màmá wá bi wá pé, "Èwo nínú márààrún là ń kọ́?" Ìmọ̀ ni, torí pé ìmọ̀ ni wọ́n ń béèrè nínú ìdánwò.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kọ́ni ní jọ́gíráfì fi tirẹ̀ kún un. Ó ní ọdún 1988, tí wọ́n kó àgbá májèlé láti Ítálì wá dà sí ìlú Kókó, ní apá ibi tó di ìpínlẹ̀ Delta lónìí, ni ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dá FEPA sílẹ̀, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká nígbà náà, àtìgbà náà ló ti jọ pé ìbẹ̀rù la fi bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀kọ́ yìí. Májèlé, àkúnya omi, aṣálẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá á ti mọ gbogbo ohun tó ń pa ayé kó tó mọ igi kan ṣoṣo dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí pé bí ìwé tí mo fi ń kọ́ni ṣe tò ó nìyẹn gẹ́lẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Modákẹ́kẹ́ àti ọjà Ifẹ̀

Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́ la kọ́kọ́ lọ. Ìsinmi ni, kò sọ́mọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fẹ́ dúró níwájú ilé-ẹ̀kọ́ yẹn tipẹ́. Ibẹ̀ ni Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀kọ́, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ọdún 1970: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́, títí kan sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, fún odindi ọdún mẹ́fà. Wọ́n kọ ìwé tuntun fún un. Gẹ̀ẹ́sì náà wà níbẹ̀, olùkọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n wá dán àwọn ọmọ náà wò, wọn ò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé, kódà wọ́n ta wọ́n yọ.

Mo rántí kíláàsì mi. Àwọn ọmọ yẹn lè ka àǹfààní igbó márùn-ún láìmí. Lọ́jọ́ kan mo bi wọ́n pé igi wo ló wà lẹ́yìn fèrèsé wọn. Kẹ́kẹ́ pa. Ayìnrè ni, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun lójoojúmọ́. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì wa mọ̀ ọ́n, ó mọ ìgbà tó ń wọ́wé àti ẹyẹ tó ń tẹ́ sórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pè é wá sí kíláàsì rí.

Lọ́jà, ọ̀dọ̀ ìyá eléwé kan la pẹ́ sí jù. A kí wọn, a ra èèrù àti egbòogi díẹ̀, kó má di pé a kàn wá gbọ́rọ̀ lẹ́nu wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ara wọn balẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan hàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan: ewé akòko, ewé ìyeyè, èèpo ọ̀gànwó, orógbó, ìmí eṣú, pèrègún. Wọ́n ní, "Ewé ń jẹ́. Bí oògùn ò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù ọ̀kan." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi kún un pé nísinsìnyí, ewé tó kù ọ̀kan yẹn ló ṣòro rí, pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọge, ẹ̀yìn ilé ni àwọn ti ń já púpọ̀ nínú rẹ̀.

Mo bi wọ́n nípa èèpo igi. Wọ́n gbé ọ̀gànwó lé mi lọ́wọ́, wọ́n fi ọ̀bẹ wọn yàwòrán sílẹ̀. Ìyá wọn kọ́ wọn pé ẹ̀gbẹ́ kan ni kí wọ́n gé lára igi, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀, kí wọ́n má padà síbẹ̀ títí ojú ọgbẹ́ á fi pa dé. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gé e tà báyìí, ṣe ni wọ́n ń bó igi yípo, ó sì di òkú igi. Olùkọ́ bàọ́lọ́jì wa fò sókè. Oúnjẹ tí ewé ń sè, abẹ́ èèpo ló ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò, bí o bá bó èèpo yípo, ebi á pa gbòǹgbò kú. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti ń ya àwòrán yẹn sójú pátákó. Ìyá eléwé kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìyá wọn. Àwọn méjèèjì wá jókòó lórí àpótí kan náà, wọ́n ń ṣe àlàyé fún ara wọn, a sì dúró tì wọ́n a ń gbọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo rí lójú ọ̀nà yìí, ìjókòó yẹn wà lára èyí tó wù mí jù kí gbogbo olùkọ́ rí.

A gba ilé ẹran kọjá. Mo béèrè igún lọ́wọ́ bàbá alápatà kan. Wọ́n wojú ọ̀run kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ní, bí o bá ti pa màlúù báyìí, orí páànù á ti dúdú fún igún. Ó ti pẹ́ tí àwọn ti rí ẹyọ kan. Àwọn ọmọ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ò mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ló sọ pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Àwọn èèyàn ti ń pa á. Wọ́n ń fi orí rẹ̀ ṣe oògùn, májèlé tí wọ́n dẹ fún ẹranko mìíràn ń pa á, àwọn igi gíga tó ń tẹ́ sí ń tán lọ. Ẹyin kan ṣoṣo ló ń yé lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà bí wọ́n bá pa á, kì í tètè ní arọ́pò. Láti ọdún 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó ń parun, ti kà á mọ́ àwọn ẹyẹ tó sún mọ́ píparun pátápátá. Iṣẹ́ ìmọ́tótó tó ń ṣe fún wa láìgbowó, ajá àti eku ló gbà á ṣe, àwọn yẹn sì ń kó àrùn wọlé.

Ọjọ́rú

Òjò. Àti òwúrọ̀ ló ti ń rọ̀, a ò lè jáde. Àwọn kan ń ṣètò ìwé wọn, àwọn kan sùn.

Nígbà tó dá, ọmọ onílé tí a wọ̀ sí, kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, fà mí lọ́wọ́ lọ sẹ́yìn ilé. "Àǹtí, ẹ wò ó." Pátanmọ́ ló fẹ́ fi hàn mí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan tọ́ ọ, ewé náà pa dé ní méjìméjì láti ìdí títí dé orí, igi ewé fúnra rẹ̀ sì ṣubú lulẹ̀. Ó dúró. Kò sáré lọ sídìí òmíràn. Ó lóṣòó, ó ń retí kó ṣí, a sì jọ retí. Ewé náà ṣí díẹ̀díẹ̀. Mo bi í pé kí ló rò pé ó ń ṣẹlẹ̀. Ó ní ó ń sùn ni. Omi ló ń sá kúrò ní oríkèé ewé náà tó fi ń wálẹ̀, bí omi bá sì padà, á gbéra, ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ ìyẹn fún un. Mo ní kó tún tọ́ ọ, kí ó fi ìka kà á bóyá ó ń pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọ̀nà Iléṣà

A gba Òsú kọjá lọ sí Iléṣà. Àwọn oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun wà lápá ọ̀tún àti òsì, èéfín ṣì ń yọ lára kùkùté. Dírẹ́bà wa tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní, "Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Owá ti ń múná roko." A jọ kí i kú oríire. Àmọ́ iná oko tí kò sẹ́ni tó dúró tì í ti jó oko kòkó ẹlòmíràn rí, ó sì yẹ kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ iná.

Ohun tó gbé wa wá ni omi. Láti Ifẹ̀ títí dé Iléṣà, irú àpáta kan wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ tí góòlù wà nínú rẹ̀, ìlà tí ilẹ̀ ti ya lágbègbè Ifẹ̀wàrà sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Láti ayé òyìnbó ni wọ́n ti ń wa góòlù níbẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn tó ń wà á láìgbàṣẹ pọ̀ sí i gidigidi. Wọ́n ń gbẹ́ etí odò, wọ́n ń fi omi odò fọ ilẹ̀ náà, ẹrẹ̀ rẹ̀ á sì ṣàn padà sínú odò.

Olùkọ́ kan ní abúlé kan mú wa lọ sí odò kékeré tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń kọjá bí wọ́n bá ń lọ sílé-ẹ̀kọ́. Ó ti kọ́ wọn láti ṣe irinṣẹ́ kan: ìdérí agolo, wọ́n kun ìlàjì rẹ̀ ní funfun, ìlàjì ní dúdú, wọ́n fi òkúta sí i nídìí, wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n sì ta kókó sára okùn náà ní ìwọ̀n ìka kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á rọra jù ú sínú omi, ibi tí ojú ò bá ti rí i mọ́ ni wọ́n á kọ sílẹ̀.

Lápá òkè, níbi tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbẹ́, ìdérí náà dé ìsàlẹ̀, a ṣì ń rí i. A yí òkúta wò. Ọmọ lámilámi wà níbẹ̀, akàn kékeré kan sá wọ ihò, ìgbín odò lẹ̀ mọ́ òkúta. A rìn sísàlẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́. Omi náà pọ́n bí tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. Ìdérí náà pòórá kí okùn tó wọlé tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi. Àwọn òkúta tí a yí níbẹ̀, ẹrẹ̀ ló bò wọ́n, kò sí ohun kan tó ń mí lábẹ́ wọn.

Ẹrẹ̀ ni ojú rí. Mákúrì tí àwọn kan ń fi kó góòlù jọ, ojú ò rí i. Bó bá wọ odò, àwọn kòkòrò tíńtín inú ẹrẹ̀ á sọ ọ́ di irú èyí tó ń wọra ẹja, ẹja ńlá á jẹ ẹja kékeré, èèyàn á jẹ ẹja ńlá. Ọpọlọ ọmọ inú oyún ló ń ṣe ní jàǹbá jù.

Mo béèrè ohun tó ti ń dà mí láàmú láti àárọ̀. Àwọn ọmọ kan wà nínú kíláàsì yìí tó jẹ́ pé góòlù ni bàbá wọn ń wà. Owó yẹn ni wọ́n fi ń san owó ìwé, òun ni wọ́n fi ń jẹun. Báwo lo ṣe ń kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Olùkọ́ náà ò yára dáhùn. Ó ní òun ò dárúkọ iṣẹ́ òbí ẹnikẹ́ni ní kíláàsì rí. Iye tí okùn bá sọ ni àwọn ń kọ, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, àwọn ọmọ náà ló ń kọ ọ́ fúnra wọn, wọ́n sì ń yà á sórí káàdì kan lára ògiri. Ìyá ọmọ kan wá síbi ìpàdé òbí, ó dúró síwájú káàdì náà pẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn òbí fúnra wọn pè é láti bi í pé ṣé kànga àwọn ò ní í bàjẹ́ báyìí. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọn ò tíì parí rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó fi ọmọ kankan ṣẹ̀sín.

Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, Màmá rán wa létí Aṣéjíre. Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀ wá, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ó gba Òṣogbo níbi tí igbó Ọ̀ṣun wà, èyí tí UNESCO kà mọ́ ohun ìní àgbáyé ní ọdún 2005, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìbàdàn. Ní ọdún 2022, omi náà ti di aláwọ̀ ẹrẹ̀ débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tó ń lọ síbi ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu ún. Àwọn tó ń jà fún àyíká sì tọ́ka sí àwọn ibi ìwakùsà lókè odò. Ọmọ kíláàsì mi tó bá ṣí ẹ̀rọ omi lówùúrọ̀ ní Ìbàdàn, ọmọ abúlé tó ń ju ìdérí agolo sínú odò yẹn ni aládùúgbò rẹ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n máa kọ lẹ́tà síra wọn. Mo ti gba nọ́ńbà olùkọ́ náà.

Ọjọ́ Ẹtì, Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà

Omi Olúmirin. Ìpele méje ló ní, orí òkè líle tó na dé apá Ẹ̀fọ̀n ló sì ti ń já bọ́. Ìtàn ìlú sọ pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Akinlá, láti ìdílé Odùduwà, ló rí i nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa tẹ̀dó sí. Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, omi ò tíì kún, síbẹ̀ ìró rẹ̀ ti pàdé wa lọ́nà.

Ní ìpele àkọ́kọ́, ọ̀rá píọ̀-wọ́tà wà láàárín òkúta. Àwọn kan nínú wa ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Màmá ní ká ṣì fi sílẹ̀, a máa ṣà á bí a bá ń padà. Lójú tèmi, ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ àyíká ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, ilẹ̀ gbígbá àti ọ̀rá ṣíṣà ni gbogbo iṣẹ́ wọn. Ọmọ tó jẹ́ pé ìdọ̀tí nìkan ló ń bá pàdé létí odò, bó ṣe máa mọ odò náà nìyẹn.

A gùn dé ìpele kejì. Màmá pín wa káàkiri, kí olúkúlùkù dá jókòó, kí fóònù wà nínú báàgì, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ títí àwọn á fi pè wá. Ó kọ́kọ́ le fún mi. Mo ń ro ìwé tí mi ò tíì máàkì. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé lára òkúta tó wà níwájú mi, omi tíńtín ń gba ara ewédò sọ̀kalẹ̀, aláǹgbá kan sì ń wá síbẹ̀ ó ń mu ún, ó ń lọ, ó ń padà. Etí mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìró omi sí méjì, èyí tó ń já lu òkúta àti èyí tó ń já lu omi. Ọ̀gbẹ́ni jọ́gíráfì wa, tó ti kọ́ni nípa ìṣàn omi láti ìgbà tó ti gbaṣẹ́, wá sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun ò tíì jókòó ti omi tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, a ṣa ọ̀rá náà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fọ̀nà han àlejò bá wa ṣà á, wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ́ àwọn ọmọ tó ń wá láti ìlú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Iléṣà

Iyán la jẹ láàárọ̀, ó dáa púpọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ la jókòó láti sọ ohun tí oníkálukú máa ṣe.

A ò fẹ́ ohun tó ń béèrè ọkọ̀ àti owó, torí pé ohun tó máa ń pa irú ètò yìí nílé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìyẹn. A fẹnu kò pé olùkọ́ kọ̀ọ̀kan á wá ibì kan tí àwọn ọmọ lè fẹsẹ̀ rìn dé kí píríọ́dù kan tó tán, ibẹ̀ náà ni wọ́n á sì máa lọ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, lẹ́ẹ̀rùn àti lójò. Èyí tó ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta mú ẹsẹ̀ àpáta kan. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ mú igi ọ̀pọ̀tọ́ tó wà nínú ọgbà wọn. A tún fẹnu kò pé ó kéré tán, àgbàlagbà kan ládùúgbò tó mọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ bá àwọn ọmọ rìn ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kí i bí wọ́n ṣe ń kí olùkọ́. A jiyàn díẹ̀ lórí ìdánwò. Àwọn kan ní ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ò ní í gbà bí kò bá sí máàkì nínú rẹ̀. Màmá ní ká fún un ní máàkì nígbà náà, kí ìwé tí ọmọ ń kọ ohun tó rí sí di apá kan iṣẹ́ àṣetiléwá.

Tèmi ni odò kékeré tó gba ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ wa, tó ń lọ pàdé Ògùnpa. Àwọn òbí àgbà tó wà ládùúgbò wa ṣì ń sọ nípa omíyalé ọdún 1980, tí Ògùnpa gbé èèyàn àti ilé lọ. Wọ́n ni mo máa kọ́kọ́ pè. Bàbá géètì náà á tẹ̀ lé wa, mo ti pè é lórí fóònù, ó ní òun á mú àdá wá láti fi la ọ̀nà. Ìdérí agolo wà nílé, ọ̀dà funfun àti dúdú ni mo ṣì máa rà.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa padà ni mo ti kọ lẹ́tà ìyọ̀ǹda sí àwọn òbí. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, kí ìyá ọmọ tó ń tajà lè kà á fúnra rẹ̀. Mo sọ ọjọ́ tí a máa lọ, mo sọ pé kí ọmọ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, mo sì ní kí òbí tó bá mọ ohunkóhun nípa odò náà kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kó tó buwọ́ lù ú.